"Àwàdà bàbá" kọ́ ló yẹ ká pè é

"Àwàdà bàbá" ni ẹnìkan dábàá fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní dad joke, ìyẹn àwàdà tí òbí máa ń fi ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì dá. Ẹlòmíì fèsì pé kò sídìí láti wá orúkọ fún un rárá, torí ohùn orí ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣeé dá. Èmi ò fara mọ́ ti àkọ́kọ́, ti èkejì ló sì ká mi lára jù.

Lóòótọ́, igbá, igba àti ìgbà ò dún bákan náà, ọmọdé pàápàá ò ní ṣì wọ́n gbọ́. Lóòótọ́, èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ ti ní "I'm hungry", tí bàbá fèsì pé "Hi Hungry, I'm Dad", bí ẹni pé Hungry lorúkọ ọmọ, ò lè di Yorùbá láéláé. Lẹ́nu tiwa, ebi ló ń pa ọmọ. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni tiwa wà, nínú ọ̀rọ̀-ìṣe:

"Mọ́mì, òtútù ń mú mi."
"Kí lo jí tó fi ń mú ẹ?"
"Oorun náà ń kùn mí."
"Ọ̀dà wo ló fi ń kùn ẹ́?"
"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ o!"

Ohùn kan náà ni mú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni kùn. Ti pa wá ńkọ́? À ń pa ẹran, à ń pa àlọ́, à ń pa ilẹ̀kùn dé. Ọmọ tó bá ti mọ eré yìí, ẹ ní kó pa iná, á bi yín pé, "Kí ni iná ṣe yín?" Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ èdè dénú, ó sì yẹ ká yọ̀ mọ́ ọn.

Ní ti orúkọ, "àwàdà bàbá" lè túmọ̀ sí pé bàbá ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì yọ ìyá sílẹ̀. Ọdún 2019 ni ìwé atúmọ̀ èdè Merriam-Webster gba dad joke wọlé. Àwọn ará Japan náà ní orúkọ tiwọn fún un, oyaji gyagu. Ohun tí òbí ń ṣe gan-an ni mo fẹ́ ká fi sọ ọ́ lórúkọ: àmọ̀ọ́mọ̀ṣìgbọ́. "Dádì tún ti bẹ̀rẹ̀ àmọ̀ọ́mọ̀ṣìgbọ́ wọn." Ó rọrùn lẹ́nu.

Bó bá gùn jù, ẹ má gé e sí "àṣìgbọ́" o. Ẹni tí ò gbọ́ dáadáa ló ń ní àṣìgbọ́. Ìyá tó ń bèèrè ọ̀dà yẹn gbọ́ yékéyéké.