GnuCash àti VAT: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní ìlú ọba. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa ní Peckham. Ọjà tí mo tà láàárín oṣù 12 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá £90,000, nítorí náà mo ti forúkọ sílẹ̀ fún VAT. Iṣu àti gàrí wà ní 0%, malt wà ní 20%. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń kọ sínú GnuCash, ètò ìṣirò owó orí kọ̀ǹpútà, láti ọdún mẹ́fà. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì yé mi dáadáa. Kò wù mí kí n fi í sílẹ̀ rárá. Àmọ́ kò lè fi ìṣirò ránṣẹ́ sí HMRC (iléeṣẹ́ owó orí ìjọba) fúnra rẹ̀ bí òfin Making Tax Digital, tó ní ká máa fi ètò kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò owó orí, ṣe fẹ́.

Mo ti kó àkọsílẹ̀ náà jáde ní fáìlì CSV sínú spreadsheet LibreOffice, mo sì fẹ́ lo bridging software, ìyẹn ètò tó máa ń ka àwọn àpótí mẹ́sàn-án inú fọ́ọ̀mù VAT láti inú spreadsheet, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí HMRC. Òfin ò sì gbà ká máa fọwọ́ tẹ iye owó láti ibì kan sí ibòmíràn, tàbí ká ṣe copy and paste. Ibẹ̀ gan-an ni mo há sí.

Ẹ̀yin tó ń lo GnuCash fún VAT, báwo lẹ ṣe ń gbé iye owó dé àwọn àpótí mẹ́sàn-án yẹn láì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ de ìdáhùn yín.