Ṣé wọ́n ṣì ń se roast Sọ́ńdè nílé ní Ìlú Ọba?

Àbẹ̀kẹ́ Deptford
Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin tèmi. Lọ́fíìsì wa ní Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ oúnjẹ Sọ́ńdè délẹ̀, gbogbo òyìnbó tó wà níbẹ̀ ló ń yin roast: ẹran màlúù inú oven, pòtétò tí ara rẹ̀ gbó dáadáa, Yorkshire pudding (fláwà, ẹyin àti mílíìkì tí wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n yan nínú oven), kárọ́ọ̀tì, gravy (ọbẹ̀ tí wọ́n fi omi ẹran ṣe). Mo wá béèrè pé ta ló sè é nílé rẹ̀ lánàá. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn kan lọ jẹ ẹ́ nílé ọtí, àwọn yòókù ní ìyá àwọn ló máa ń sè é nígbà kan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọn, tí ẹ ń bá wọn gbé, tí ẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́, kí lẹ fojú yín rí? Ṣé ó ṣì wà nínú ilé?

Bàbá Ìbejì MK
Ìrẹsì àti adìyẹ ni Sọ́ńdè tiwa. N ò mọ tiwọn.

Olùtọ́jú Bolton
Àbẹ̀kẹ́, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni kó o wá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Kò sí Sọ́ńdè tí wọn kì í sè é níbẹ̀. Bó bá fi máa di aago mọ́kànlá, òórùn ẹran ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn màmá tí wọn ò fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì á ti máa béèrè pé aago mélòó ló lù. Màmá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n lè gbàgbé orúkọ ọmọ wọn, àmọ́ bí a bá gbé ẹran àgùntàn síwájú wọn láìsí mint sauce (ewé mint tí wọ́n gé sínú fínígà àti ṣúgà), wọ́n á ti àwo náà padà. Ìgbà ogun Hitler ni wọ́n ṣe kékeré, ìjọba ló ń wọn ẹran fún aráàlú. Láti 1940 títí di oṣù keje 1954, ìwé kékeré kan ni wọ́n fi ń gba ìwọ̀nba ẹran tó tọ́ sí kálukú. Wọ́n ní ìyá àwọn á kó ìpín gbogbo ilé pọ̀, kò ní fọwọ́ kàn án títí Sọ́ńdè á fi dé. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ palẹ̀ àwo wọn mọ́ tí ẹran ṣì kù nínú rẹ̀, wọ́n á di ọwọ́ mi mú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Coventry
Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti jẹ ẹ́ nílé ọtí kan, kò ta, kò dùn, iyọ̀ gan-an kò tó. Kí ni wọ́n ń yìn lára rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds
Coventry, ilé ọtí lo ti jẹ ẹ́, o wá fi dá gbogbo ìlú lẹ́jọ́. Ìyẹn dà bí kéèyàn jẹ iyán àná ní búkà ẹ̀bá ọ̀nà kó wá ní àwa Ìjẹ̀ṣà ò mọ iyán gún. Bó bá jẹ́ ohun tó ń ta lò ń wá, horseradish, gbòǹgbò kan tí wọ́n máa ń rin, ni kó o fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran màlúù, imú rẹ ló máa kọ́kọ́ gbọ́.

Nǹkan tí mo rí níbí rèé. Bàbá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, Yorkshire ni wọ́n bí i sí, Yorkshire ló dàgbà sí. Ó ṣì ń se roast. Kò ní gbé pudding pọ̀ mọ́ ẹran o, pudding nìkan ló máa kọ́kọ́ jẹ, pẹ̀lú gravy. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìyá òun nìyẹn: ẹran wọ́n, ọmọ pọ̀, ẹ jẹ́ kí pudding kọ́kọ́ di ikùn kí ẹran kékeré tó wà lè kárí.

Bàbá Ìbejì MK
Háà! Ọgbọ́n ìyá mi gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ ẹ̀bà tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹran! Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ẹran, olè ni.

Ìyàwó Swansea
Nílé tiwa wọ́n ń sè é. Wales la wà, ẹran àgùntàn ló sábà máa ń jẹ́. Ìyá ọkọ mi ló ń sè é tẹ́lẹ̀, ìka ọwọ́ wọn kò gbà á mọ́, ọkọ mi ló gbà á lọ́wọ́ wọn. N kì í dá sí i. Kí n tó ti ìsìn àkọ́kọ́ dé, ó ti bó pòtétò. Á bọ̀ ọ́ díẹ̀, á da omi rẹ̀ nù, á dé ìkòkò, á wá mì í jìgìjìgì títí etí pòtétò á fi rí ṣákaṣàka. Ọ̀rá ti ń gbóná nínú oven ní gbogbo àkókò yẹn. Bó bá ṣe ń da pòtétò sí i, wàá gbọ́ ṣàà. Ibi tó rí ṣákaṣàka yẹn ló máa gbó, tó máa dún lẹ́nu.

Èmi a sì gbé ọbẹ̀ ata mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá ọkọ mi tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan. Báyìí, bí n kò bá gbé e wá, wọ́n á béèrè.

Àbẹ̀kẹ́ Deptford
Ọbẹ̀ ata lórí roast! Gravy ń kọ́?

Ìyàwó Swansea
Àwọn méjèèjì ló wà lórí tábìlì. Kálukú bu èyí tó wù ú.

Ọmọ Hastings
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ gbà mí láyè díẹ̀.

Ọdún 1967 ni wọ́n bí mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá mi ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ìyá mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bó ṣe rí nígbà yẹn: wọ́n á fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World, obìnrin òyìnbó kan á kọ̀wé padà, wọ́n á gbé ọmọ lọ fún un, wọ́n á sì máa fi owó ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni mo dàgbà sí ní Hastings, létí òkun. Òun ni mo ń pè ní Mummy.

Bí Sọ́ńdè bá ti mọ́, iṣẹ́ tèmi ni mint. Màá já ewé rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, yóò gé e wẹ́wẹ́, èmi á bu ṣúgà sí i, òun á da fínígà lé e. Kò sí ọmọ mìíràn tó gbọ́dọ̀ ṣe é. Àwọn òbí mi máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá nígbà mìíràn, tàwọn ti aṣọ tó dáa jù lọ lọ́rùn, wọ́n á jókòó sídìí tábìlì yẹn bí àlejò. Bàbá mi á máa gé ẹran jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá mi kì í jẹun púpọ̀. Wọ́n á bá mi sọ Yorùbá, n ò gbọ́, màá sá lọ sí kíṣìnì.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n kó mi lọ sí Ìbàdàn. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ni. Mo bú sẹ́kún. Ìyá bàbá mi rò pé ata ló ń ta mí, wọ́n ń bu omi fún mi. Mummy ni mo ń sunkún rẹ̀.

Mo ti padà sílùú yìí tipẹ́. Mo ń se roast nílé mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mint sì wà nínú ìkòkò òdòdó lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ mi rò pé òyìnbó ni mò ń ṣe.

Olùtọ́jú Bolton
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Omi ń bọ́ lójú mi nínú bọ́ọ̀sì.

Màmá Bọ́sẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, orí yín bá yín ṣe é. Kent ni wọ́n gbé èmi lọ. Sọ́ńdè tiwa, àwọn ọmọ inú ilé ló ń jẹ ẹran, kábéèjì tí wọ́n ti bọ̀ títí tó fi kú àti egungun la máa ń bá nínú àwo tiwa. Bẹ́ẹ̀ owó ìyá mi ń dé déédéé. N kì í se roast nílé mi. N kì í jókòó níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Coventry
Ẹ jọ̀wọ́ mà, n ò gbọ́ ọ rí pé irú èyí ṣẹlẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò tọ́ ọmọ wọn fúnra wọn?

Bàbá Ìbejì MK
Ọmọ mi, rọra. Yàrá kan ṣoṣo ni tọkọtaya ń gbé, onílé kò fẹ́ èèyàn dúdú, kò fẹ́ ọmọdé. Ìwé lọ́sàn-án, iṣẹ́ lóru. Wọ́n ní àwọn á kàwé yára, àwọn á padà sílé. Nílé náà ṣáà, a máa ń gbé ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́.

Màmá Bọ́sẹ̀
Ọ̀dọ̀ ẹbí ni wọ́n ń gbé e lọ nílé, Bàbá Ìbejì. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ oríkì rẹ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n rí nínú ìwé ìròyìn. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Bàbá Ìbejì MK
Mo gbọ́, Màmá. Ẹ má bínú.

Ọmọ Hastings
Màmá Bọ́sẹ̀, mo mọ àwọn tó jẹ irú ìyà yẹn, wọ́n pọ̀. Màá kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́: kí ló dé tí kò fi pọ̀ nílé mọ́? Èmi sọ pé kò sẹ́ni tó wà nílé. Ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀bù ńlá ní England àti Wales kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè kí òfin 1994 tó dé, òfin yẹn ló gbà wọ́n láyè láti máa ṣí fún wákàtí mẹ́fà. Ìyá ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà ní sọ́ọ̀bù, bàbá wà níbi iṣẹ́, ọmọ wà lórí pápá bọ́ọ̀lù. Ta ló fẹ́ jókòó ti oven?

Onísọ́ọ̀bù Walworth
Òfin kọ́. Owó ni. Ẹ lọ wo iye tí ẹran màlúù alódidi jẹ́.

Dèjì Afráyà
Adìyẹ wọ air fryer, oven kékeré tó ń fi atẹ́gùn gbígbóná se oúnjẹ, wákàtí kan, ó ti jinná. Kí lẹ ń jà lé lórí?

Ìyàwó Swansea
Dèjì, omi ẹran àti ọ̀rá tó máa ń ṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ páànù la fi ń ṣe gravy. Ìwọ ń fọ tìẹ dà sínú síńkì.

Olùtọ́jú Bolton
Ẹ má gbàgbé Mọ́ńdè. Àwọn màmá ibi iṣẹ́ mi sọ pé láyé ìgbà tiwọn, Mọ́ńdè ni ọjọ́ ìfọṣọ, kò sáyè ìdáná, àjẹkù Sọ́ńdè ni gbogbo ilé ń jẹ. Wọ́n á fi pòtétò àti kábéèjì tó kù dín bubble and squeak. Adìyẹ kékeré inú air fryer kò lè dé Mọ́ńdè.

Dèjì Afráyà
Èmi nìkan ni mò ń gbé. Àjẹkù wo?

Àbẹ̀kẹ́ Deptford
Dèjì, wá jẹun lọ́dọ̀ wa. N ò ṣeré.

Akẹ́kọ̀ọ́ Coventry
Ẹ̀gbọ́n Leeds, ṣé ẹ ti dárí jì mí? Báwo lẹ ṣe ń po pudding yẹn? Mo fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds
Ẹran màlúù ló ni Yorkshire pudding, kì í ṣe adìyẹ.

Ọmọ Hastings
Gbogbo ẹran ni Mummy ń fi í sí. Jẹ́ kí ọmọ náà jẹun.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds
Ó dáa. Ife kan náà ni kó o fi wọn ẹyin, fláwà àti mílíìkì, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Iyọ̀ díẹ̀. Lù ú títí kò fi ní kókó, gbé e sílẹ̀ kó sinmi. Tan oven sí 220 ti Celsius, fi òróró sínú páànù tó o máa fi yan án, jẹ́ kó gbóná títí á fi fẹ́ máa rú èéfín kó o tó da àpòpọ̀ náà sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, má ṣílẹ̀kùn oven fún ogún ìṣẹ́jú, ebi ì báà máa pa ọ́. Bí atẹ́gùn tútù bá wọlé, á wó lulẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Coventry
Ẹ ṣé gan-an sà. Fláwà wo? Self-raising, èyí tí wọ́n ti po baking powder mọ́, ló wà nílé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds
Rárá o. Plain ni. Lọ rà á.