Mítà iná wà lẹ́yìn ògiri tí ọmọ mi ń sùn sí, Wi-Fi sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: èwo ló yẹ kí n bẹ̀rù?

Ìyá Ọmọ Tuntun

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin ni, ọ̀rọ̀ kan kò sì jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Aládùúgbò mi kan ló sọ fún mi pé ìtànṣán tó ń jáde lára ráútà Wi-Fi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ń wọ ọmọ lára, àti pé orí fífọ́ tó ń bá mi jí láràárọ̀ kò ní ibòmíràn tó ti ń wá. Mo wá yá ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn agbára òòfà tó ń jáde lára ohun tó ń lo iná, mo sì gbé e yípo ilé. Nígbà tí mo gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ irun gbẹ, nọ́ńbà ojú rẹ̀ fò kọjá 100 microtesla, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára òòfà, àyà mi já. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ka nǹkan kan. Àmọ́ níbi tí ọmọ ń gbé orí sí, 1.2 ló kà, ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni wọ́n kan mítà iná àti àpótí fíúsì mọ́.

Ẹnì kan tún ń rọ̀ mí pé kí n ra sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, ó ní ó ń dá ìtànṣán padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, èwo nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló yẹ kí n bẹ̀rù, kí sì ni kí n ṣe?

Oníṣẹ́ Rédíò

Ẹ kú ọwọ́ lómi, ìyá wa. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń gbé ẹ̀rọ ìgbì rédíò kalẹ̀, mo sì máa ń wọn agbára rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn. Ohun méjì tí kò jọra ni ẹ dà pọ̀. Èkíní ni agbára òòfà tó máa ń yí wáyà ká nígbàkígbà tí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Iná ilé máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà rẹ̀ sì ń bá a yí. Èkejì ni ìgbì rédíò tí Wi-Fi àti fóònù ń lò, tí Wi-Fi sì ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 2.4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ti àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ tí ẹ yá wà fún. Bí kò ṣe ka nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà kò túmọ̀ sí pé ráútà kò tan nǹkan jáde. Etí rẹ̀ ni kò gbọ́ èdè ráútà.

Ní ti Wi-Fi náà, ráútà tó ń lo ìgbì 2.4 gigahertz (ìgbà bílíọ̀nù 2.4 tí mo sọ yẹn) ní ilẹ̀ Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì kan lọ. Fóònù 4G lè lò tó ìlọ́po méjì ìyẹn nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà sẹ́yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ la sì máa ń gbé e lé. Bí ìgbì bá sì ṣe ń jìnnà ló ń rọ̀: tí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Kò sí èyí nínú wọn tó lè já okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì bí ìtànṣán X-ray ṣe lè já a. Ohun tí ìgbì rédíò tó lágbára gan-an máa ń ṣe ni pé ó ń mú ara gbóná, orí ìyẹn ni wọ́n sì gbé ààlà tó wà nínú òfin kà. Ẹ má ra sítíkà yẹn. Nígbà tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá gbọ́ fóònù dáadáa, fóònù máa ń fi kún agbára rẹ̀ ni, nítorí náà sítíkà tó bá dí i lóòótọ́ yóò mú un pariwo sí i, èyí tí kò bá sì dí i, owó yín ló gbé lọ.

Ti ẹ̀rọ irun kò yẹ kó já yín láyà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè kà láti 6 sí 2000 microtesla ní sẹ̀ǹtímítà 3, kó sì wálẹ̀ sí 0.3 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ní mítà kan péré. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sì lẹ fi ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ọmọ ni n kò ní fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Láti ọdún 1979, nígbà tí Nancy Wertheimer àti Ed Leeper ṣe ìwádìí wọn ní ìlú Denver lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń rí i pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tí òòfà iná pọ̀ nílé wọn. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ lọ́dún 2000, ewu náà tó ìlọ́po méjì fún àwọn tí ìpíndọ́gba tiwọn ju 0.4 microtesla lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kéré níye, àrùn náà fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín ọmọdé, kò sì tíì sí ẹni tó rí ọ̀nà tí òòfà lè gbà dá a sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi sọ pé òun ló fà á. Iye tí ẹ kà pàápàá jìnnà réré sí ààlà 200 microtesla tí ICNIRP, àjọ àgbáyé tó ń dábàá ààlà ààbò lórí irú òòfà àti ìgbì bẹ́ẹ̀, fi lélẹ̀ lọ́dún 2010. Síbẹ̀, ta ni yóò fi ọmọ sùn síbẹ̀ nígbà tí sísún ibùsùn kò náni ní kọ́bọ̀? Ògiri kì í dá òòfà dúró, bébà aláwọ̀ fàdákà kò sì lè dá a dúró. Jíjìnnà nìkan ni oògùn rẹ̀.

Ẹni Tó Ń Ṣọ́ra

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ rédíò, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ọkàn ìyá balẹ̀ jù. Àjọ IARC tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ fi ìgbì rédíò sí ìpele 2B lọ́dún 2011, pé ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò ní pa gbogbo rẹ̀ lálẹ́? Èmi máa ń pa tèmi.

Oníṣẹ́ Rédíò

Kò sí ohun tó burú nínú pípa á lálẹ́, kódà ó ń dín iná kù. Ìpele yẹn ni mo fẹ́ kí a yé ara wa lé lórí. Bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó ni ìpele náà ń sọ, kò sọ bí ewu ṣe tóbi tó. Odindi ewé álóè tí wọ́n fún omi rẹ̀ wà ní 2B pẹ̀lú, nígbà tí èéfín tábà àti ìtànṣán oòrùn wà ní ìpele 1, ìyẹn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Lára ohun tó gbé ìgbì rédíò dé 2B ni ìwádìí Interphone tó jáde lọ́dún 2010, níbi tí jẹjẹrẹ ọpọlọ kan ti pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn tó ní àwọn lo fóònù jù lọ. Ìrántí àwọn aláìsàn fúnra wọn ni wọ́n fi wọn ìlò náà, àwọn kan sì sọ pé àwọn ń lò ó ju wákàtí 5 lọ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwádìí tó tẹ̀ lé ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin ní Bìrìtìkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2022, kò rí i kí jẹjẹrẹ ọpọlọ pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lo fóònù. Àgbéyẹ̀wò ìwádìí 63 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀ wọ́n ṣe, tó jáde lọ́dún 2024, kò rí i pẹ̀lú. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ dín in kù, ẹ máa lo íàpíìsì, ẹ má sì fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Orí fífọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ ká padà sí, ìyá wa, nítorí pé gbogbo wa ti gbàgbé rẹ̀. Ìnira yín kì í ṣe àròsọ. Wọ́n ti kó àwọn tí Wi-Fi tàbí fóònù ń ni lára sínú yàrá, wọ́n tan ìgbì, wọ́n pa á, láìsọ fún wọn ìgbà tó wà ní títàn. Lápapọ̀, wọn kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, orí sì ń fọ́ wọn bákan náà nígbà tí ohunkóhun kò tàn. Àìsùn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ tó dín lára lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo rẹ̀ ló lè fọ́ni lórí. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni pé láràárọ̀ ló ń bá yín jí. Ṣé ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi gbóná tàbí èédú kankan ń jó nítòsí yàrá náà lóru? Èéfín carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó máa ń fọ́ni lórí lójú oorun, ó sì lè pa ọmọ ọwọ́. Tí orí náà bá ń fúyẹ́ nígbà tí ẹ bá jáde nílé, ẹ má dúró de ọ̀la.

Ìyá Ọmọ Tuntun

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. A ti gbé ibùsùn ọmọ lọ sí ògiri kejì lónìí, mo sì gbé ẹ̀rọ náà síbi tó ń gbé orí sí: 0.05 ló kà. Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín ló mú mi lọ wo ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi wa gbóná wà lábẹ́ fèrèsé yàrá wa, ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde sì ti yọ kúrò níbi tó so mọ́. Nítorí òtútù, lóru la máa ń tàn án jù. A ti pa á, a ṣí gbogbo fèrèsé, mo sì ti gbé ọmọ dání, ilé ìwòsàn la ń lọ báyìí.