Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé agbẹjọ́rò ni kí a fi owó yìí gbà, tàbí kí a fi ṣe ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́?

Akápò ẹgbẹ́: Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín. Akápò ni mo jẹ́ fún ẹgbẹ́ àwa obìnrin tí a jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn. Ọkọ ọ̀kan nínú wa kú láìṣe ìwé ìhágún. Kò pé ogójì ọjọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ fi gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó òun náà wà nínú ilé yẹn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọra, a sì dá mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà jọ. Àwọn kan ní kí a fi gba agbẹjọ́rò fún un. Àwọn mìíràn ní kí a fi ṣe ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀tọ́ opó sí ogún, kí irú rẹ̀ má baà bá ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí á ṣe?

Agbẹjọ́rò: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ìpín 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbà kí a fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Orí ìpín yìí ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dúró lé ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, tí ó fi fagi lé àṣà Ìgbò tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin pín nínú ogún bàbá rẹ̀. Kí àwa Yorùbá má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Lóòótọ́, ọmọbìnrin ń jogún nílẹ̀ wa, ìbáà jẹ́ ìdí-igi (ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀) ni a fi pín in tàbí orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́gbọọgba), àti pé láti ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, ni kóòtù ti sọ pé obìnrin lè di olórí ẹbí. Opó ni ìyà náà wá jẹ. Nínú ẹjọ́ Akinnubi ní ọdún 1997, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó tí ọkọ rẹ̀ kò ṣe ìwé ìhágún wà lára ohun tí ẹbí ọkọ yóò jogún. Kò jogún, òun gan-an ni wọ́n ń jogún. Nítorí náà, ẹ bi ọ̀rẹ́ yín léèrè irú ìgbéyàwó tí ó ṣe. Bí ó bá ní ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó ti kóòtù, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, òfin ìpínlẹ̀ lórí dúkìá olóògbé ni yóò gbè é, kì í ṣe àṣà.

Ìyá Ìbejì: Opó ni èmi náà. Ẹ má ṣe fi ẹni tí ó ń sunkún sílẹ̀ nítorí ìwé kíkọ. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, tàbí Legal Aid Council ti ìjọba. Wọn kì í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní.

Olùkọ́ àgbà: Ìyá Ìbejì ti sọ ibi tí ó kọ́kọ́ yẹ kí ẹ lọ, owó yín á sì ṣẹ́ kù fún ìwádìí. Ẹ má kàn pe àwọn èèyàn jọ sí gbọ̀ngàn, kí ẹ fún wọn ní ìpápánu, kí ẹ ya fọ́tò. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀, kí ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin méjì ka àkọsílẹ̀ àwọn ẹjọ́ tó jẹ mọ́ ogún pínpín láàárín ọdún márùn-ún, kí wọ́n sì kọ ohun tí opó kọ̀ọ̀kan béèrè àti ohun tí ó rí gbà sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ gbé lọ sí ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Ìdajì nínú àwọn obìnrin tí mo ń kọ́ jẹ́ Mùsùlùmí. Kùránì fún opó tí ọkọ rẹ̀ bímọ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ọ rí. Ẹ kọ́ wọn pé kí orúkọ àwọn náà wà lórí ìwé ilẹ̀ tí wọ́n bá fi owó sí, kí wọ́n sì tọ́jú rìsíìtì.

Akápò ẹgbẹ́: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti bi í léèrè: ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà, ìwé-ẹ̀rí náà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni a óò mú un lọ sọ́dọ̀ FIDA. Agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá wa wo lẹ́tà tí a fẹ́ kọ sí akọ̀wé kóòtù kí a tó fi ránṣẹ́?