Ẹ gbà mí, ìdí ọmọ adìẹ ti dí!

Ìyá Ẹniọlá (Manchester): Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ dákun. Ọmọ adìẹ mẹ́fà la ní, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n. Àwọn ọmọ rẹ búrẹ́dì sómi, wọ́n fi ìrẹsì kún un, wọ́n ní ìpápánu ni. Láàárọ̀ yìí ìgbẹ́ ti dí méjì nídìí, ẹ̀kẹta pajú dé, ó ń ké ṣáá. Ṣé kí n fún wọn ní epo pupa?

Bàbá Lafenwa (Houston): Ẹ má fún wọn lépo o! Ẹ rẹ owú sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi lé ìgbẹ́ náà títí yóò fi rọ̀, kí ẹ tó rọra nù ún. Ẹ má fà á, awọ á bá a lọ. Ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, ẹ fi fásílíìnì díẹ̀ pa á, ẹ dá a padà sábẹ́ iná kíá. Bí ara rẹ̀ bá tutù, òtútù yẹn lè pa á kí ìgbẹ́ tó pa á.

Màmá Àsérò (Abẹ́òkúta): Abẹ́ ìrù gan-an ni ìdí wà. Èyí tó wà lápá ikùn, tó dà bí èépá dúdú, ìdodo ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó bá ṣì í mú fún ìgbẹ́, tó fà á, ìfun lè bá a jáde.

Ọmọ Ìtòkú (Dublin): Búrẹ́dì yẹn ló fà á. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ara ọmọ adìẹ ò sì gba iyọ̀ púpọ̀. Ó tún ń wú nínú àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn wọn.

Bàbá Lafenwa: Àbúrò, mi ò gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ adìẹ tí ìdí wọn dí, wọn ò rí búrẹ́dì rí. Òtútù ni, tàbí ooru àpọ̀jù, tàbí wàhálà ọ̀nà. Ìyá Ẹniọlá, báwo ni wọ́n ṣe ń sùn? Bí wọ́n bá ṣùjọ sábẹ́ iná tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, tí wọ́n lanu, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fọ́n ká, ó dọ́gba. 35°C ni ooru ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Níbi tí ẹ̀yìn wọn ga dé ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín in ní nǹkan bí 3°C lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ̀gbọ́n, kí iná dọ́gba dáa, ṣùgbọ́n kí ni iwe wọn fẹ́ fi lọ ìrẹsì? Adìẹ ò léyín. Chick crumbs, oúnjẹ ọmọ adìẹ tí wọ́n ń tà, ń rọ̀ fúnra rẹ̀. Ohunkóhun mìíràn tí wọ́n bá jẹ, àfi kí wọ́n ní yanrìn.

Màmá Àsérò: Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ òtítọ́. Ọmọ adìẹ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ káàkiri àgbàlá nílé, ó ń ṣa yanrìn fúnra rẹ̀, ó sì ń wọ abẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́. Èyí tó wà nínú páálí lábẹ́ iná ò ní ìkankan nínú méjèèjì, àfi kí a ṣe é fún un. Òkúta wẹ́wẹ́ tí kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ ni kí ẹ rà, kí ẹ kó o sínú àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n fi ìkarahun ṣe fún adìẹ tó ń yé. Kálísíọ́mù rẹ̀ á ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́.

Ìyá Ẹniọlá: Ẹ ṣé gan-an. Nígbà wo wá ni àwọn ọmọ lè fún wọn ní nǹkan? Wọn ò jẹ́ kí n gbádùn.

Màmá Àsérò: Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Kó má sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ wọn lọ. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́. Tó bá yá, ẹ so ìdì rẹ̀ rọ̀ ní ìwọ̀n orí wọn, wọ́n á máa fò ṣá a. Ẹ má so koríko gígùn, ó ń lọ́ mọ́ra nínú àpò ọrùn wọn. Níbí, ikán làwọn ọmọ ń gbẹ́ wá, bí wọn ò bá ti da oògùn síbẹ̀.

Bàbá Lafenwa: Ẹyin sísè tí a fọ́ wẹ́wẹ́ náà, àti ìdin gbígbẹ tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá.

Àǹtí Ìbarà (London): Bàbá, ẹ dúró! Manchester ni wọ́n wà. Ní UK, ohun tó bá ti gba ilé ìdáná kọjá kò gbọdọ̀ dé ẹnu adìẹ, ewé kábéèjì pàápàá, àyàfi ilé tí wọn kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹran wá. Òfin ò gba ìdin gbígbẹ náà. Láti inú ọgbà tààrà ni kí ẹ ti já ewé. Ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ APHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera ẹran àti ohun ọ̀gbìn. Láti 1 October 2024 ló ti di dandan ní England, ì báà jẹ́ adìẹ kan ṣoṣo.

Bàbá Lafenwa: Ẹ kó wá sí Houston! Adìẹ wa ń jẹ ẹyin, oòrùn sì ń ràn.

Àǹtí Ìbarà: Oòrùn tó ń sè yín yẹn? London la ti ń rí ẹ̀fọ́ ṣọkọ tútù rà.

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ jẹ́ ká parí ti ìṣeré. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú koríko kúkurú rẹ̀, tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, níbi tí wọn ò fín oògùn sí, tí adìẹ mìíràn ò sì tẹ̀, kí ẹ gbé e sínú àpótí. Wọ́n á máa tan ín wò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ há igi tẹ́ẹ́rẹ́ sínú àpótí ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sókè, kí wọ́n máa bà lé e. Ẹ kó òkúta sínú àwo omi kí wọ́n má rì. Ẹ má tẹ́ ìwé ìròyìn, ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyàwó Ẹ̀gbá, ọmọ Ìbàdàn (Toronto): Àmàlà ńkọ́? Wọ́n ń jù ú fún adìẹ ní Ìbàdàn.

Màmá Àsérò: Adìẹ àgbà nìyẹn, ìyàwó wa. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọmọdé lẹ́nu, kò sì ní ohun tó ń mú wọn dàgbà.

Àǹtí Ìbarà: Ká tiẹ̀ ní ó dáa, láfún ni à bá fún wọn, kì í ṣe dúdú Ìbàdàn yẹn!

Ìyàwó Ẹ̀gbá, ọmọ Ìbàdàn: Ẹ má bú èlùbọ́ wa o! Ọkọ mi kì í bèèrè láfún mọ́.

Bàbá Lafenwa: Ẹ gbé e wá kó wá jẹ́jọ́! Láfún gbígbóná, ewédú, ẹja odò… èyí tí wọ́n ń tà níbí ò rùn bíi ti ilé rárá.

Ìyá Ẹniọlá: Mo ti nu àwọn méjì, wọ́n ti ń jẹun. Ẹ̀kẹta ṣì ń ké o. Kí ni kí n ṣe sí i?

Màmá Àsérò: Ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ bọ omi díẹ̀. Ẹ po ṣúgà ṣíbí ìjẹun kan sí lítà omi kan, fún wákàtí díẹ̀ péré. Ẹ fọwọ́ kan àpò ọrùn rẹ̀ kó tó jẹun lọ́la. Ó yẹ kó ti ṣófo.

Ìyá Ẹniọlá: Tí kò bá ṣófo ńkọ́?

Ọmọ Ìtòkú: Ta ló ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lóṣù yìí? Mo fẹ́ láfún Kútọ̀, kílò márùn-ún.

Àǹtí Ìbarà: Kí wọ́n gbé tèmi náà o, mẹ́wàá.