“Ìyàwòrán mólékù” tàbí “ìyàwòrán amí”?

Ẹ̀yin ará, lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń wá fún àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ẹni tó dábàá “ìyàwòrán mólékù” fún “molecular imaging” gbìyànjú, àmọ́ orúkọ náà lè ṣi òǹkàwé lọ́nà. PET, ẹ̀rọ kan tó ń ya àwòrán inú ara, kì í ya àwòrán mólékù kankan. Ibi tí èròjà tí wọ́n gún sí aláìsàn lára kóra jọ sí ló ń wá.

Ẹ wo FDG, ṣúgà tí wọ́n so fluorine-18 mọ́. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń fa ṣúgà ju àwọn tó yí i ká lọ. FDG á bá ṣúgà gidi wọlé, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ò lè lò ó dópin, ó há síbẹ̀. Pósítírọ́ọ̀nù, èérún bíńtín tí fluorine-18 ń tú jáde, á pàdé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, méjèèjì á pòórá, ìtànṣán méjì tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 511 keV á sì kọ ẹ̀yìn síra wọn lọ. Òrùka ẹ̀rọ tó yí aláìsàn ká ló ń gbá wọn mú pọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi yan “amí” dípò “atọpa” fún “tracer”, ìyẹn irú èròjà tí wọ́n ń gún síni lára bẹ́ẹ̀. FDG ò tọ ipa ẹnikẹ́ni. Ó wọlé bí ọmọ ilé, ó sì ń ròyìn láti inú. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà “amí” á ba aláìsàn lẹ́rù. Kò dá mi lójú; abẹ́rẹ́ gan-an ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

“Ìtètèmọ̀ àrùn” tí wọ́n dábàá fún “early detection” ni mi ò lè gbà. Amí máa ń ròyìn òfegè. Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti egbò tó wú náà ń fa ṣúgà. Ọpọlọ ń fà á nígbà gbogbo, àpò ìtọ̀ sì ń tàn nítorí pé FDG ń bá ìtọ̀ jáde. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ju 11 mmol/L lọ, á bá amí du ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì sábà máa ń sún àyẹ̀wò síwájú. Bí wọ́n bá wá sáré fún un ní ínsúlínì, iṣan ara á gbé FDG mì. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń gbààwẹ̀ nǹkan bíi wákàtí 6, tó sì ń sinmi nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Kókó tí kò tó mílímítà 8 sì lè fara pamọ́. Nítorí náà, “ìtètèrí” ló tọ́: ẹ̀rọ rí i, ẹran ara tí wọ́n gé lọ sí yàrá àyẹ̀wò ló ń jẹ́ ká mọ̀ ọ́n.

Ó ku “ìdajì ayé” tí wọ́n pe “half-life”, àkókò tí ìdajì èròjà bíi fluorine-18 fi ń pòórá; ti fluorine-18 jẹ́ ìṣẹ́jú 110. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 220, ó tán. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣì kù. “Àkókò ìdínkù-sí-ìdajì” gùn o, àmọ́ ẹ gbé e yẹ̀ wò.