Máńgòrò ọdún yìí: ohun tí kòkòrò fi ojú wa rí

Bàbá Àrẹ̀mú: Igi wa tanná débi pé ewé ò hàn mọ́. Kò pẹ́, òdòdó gbẹ, ó rẹ̀ dànù. Èso tó kù ò kún agbọ̀n. Tiyín ńkọ́?

Ìyá Ẹniọlá: Ìdin! Mo la èyí tó pọ́n rẹ́rẹ́ fún ọmọ, ìdin funfun ń fò lórí ọ̀bẹ.

Tèmítọ́pẹ́: Háà! Ọmọ ò tíì jẹ ẹ́ ṣá?

Adélé: Ìyá Ẹniọlá, ẹ wo èèpo rẹ̀ dáadáa. Eṣinṣin tó ń ba èso jẹ́ ló bí ìdin yẹn. Ojú ibi tó gún ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, abẹ́ rẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Tí èso bá já bọ́, ìdin á wọ ilẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni yóò ti di eṣinṣin. Èyí tó le jù nínú àwọn eṣinṣin bẹ́ẹ̀, Bactrocera dorsalis, Éṣíà ló ti wá, Kẹ́ńyà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà lọ́dún 2003. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó bọ́ sun ilẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ sá a sóòrùn.

Ọmọ Olóko: Ẹ ṣáà fín oògùn sí i látìgbà òdòdó.

Adélé: Ẹ jọ̀ọ́ o! Eṣinṣin mìíràn àti oyin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kiri. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n tán, kí ni yóò so?

Tèmítọ́pẹ́: Èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́lé lórí igi, a ò lé tiwa. Igi tí wọ́n bá wà, ìdin ò wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Olóko: Ta ni yóò wá gun un? Èèrà yẹn ń jẹni!

Tèmítọ́pẹ́: Eérú la fi ń pa ọwọ́ àtẹsẹ̀.

Adélé: Èèrà yẹn náà ló ń ṣọ́ kòkòrò tó funfun bí òwú, tó ń fa omi ewé, nítorí omi dídùn ara rẹ̀. Níbi tí omi yẹn bá kán sí, ewé á dú.

Tèmítọ́pẹ́: Ó sàn ju ìdin lọ.

Ayọ̀: Inú kóró ni mo ti bá tèmi, kòkòrò dúdú ẹlẹ́nu gígùn. Kò sí ihò kankan lára èso!

Adélé: Ìgbà tí èso ṣì kéré ni ọmọ rẹ̀ ti wọlé. Ojú ihò ti dí.

Bàbá Àrẹ̀mú: Òdòdó tèmi ńkọ́?

Ayọ̀: Bàbá, akọ pọ̀ nínú òdòdó máńgòrò, wọn kì í so. Ṣé òjò rọ̀ sí i?

Bàbá Àrẹ̀mú: Ó rọ̀ gan-an.

Ayọ̀: Tí àmì dúdú bá wà lára ẹ̀ka òdòdó, èbu ni, kì í ṣe kòkòrò.

Ìyá Ẹniọlá: Àbí ó so yanturu lọ́dún tó kọjá? Tiwa a máa sinmi.

Bàbá Àrẹ̀mú: Ó so débi pé ẹ̀ka ya. Ẹ jẹ́ n lọ wo àmì dúdú yẹn ná.

Ọmọ Olóko: Tèmítọ́pẹ́, eérú igi lásán ni?